Ọba Ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Eré lásán la ń ṣe o. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a fi oyè ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àwọn olóṣèlú lọ lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé lókè òkun mú eré náà bọ̀ wá sí Ìlá. Kò ní pátákó bíi lúdò. Ẹnì kan ni yóò máa darí rẹ̀, òun ni yóò sọ pé òjò ń rọ̀, pé ọ̀tá ti dé ẹnubodè. Àwọn yòókù á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sì dájọ́. Ogún ojú ni dáìsì ọ̀hún ní! Nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa wò ó títí, ó ní, "Wọ́n kúkú ti wí i, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni wọ́n fi ṣe adarí. Àwọn ìjòyè òyìnbó inú eré náà kò yé ẹnikẹ́ni, ni mo bá kó wọn dànù, mo fi baálẹ̀, ìjòyè àti ọba rọ́pò wọn. Ká tó wí ká tó fọ̀, a ti ní ìlú tiwa, tó ní ìṣákọ́lẹ̀, tó ní ọ̀tẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀: èmi, nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà tó ń ná Ọ̀tan Ayégbajú, àti télọ̀ fúnra rẹ̀.

Télọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìlá ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àlejò tó wá dáko ni baba ńlá wọn. Bí wọ́n lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nílé tiwọn, wọn kò ní jẹ oyè. Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti rán agbádá ìwúyè fún ọ̀pọ̀ ìjòyè. Ẹ̀yìn èrò ló sì máa ń dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ̀ ọ́. Télọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. Nínú eré wa, alágbàṣe oko ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di olórí ọdẹ, ó di baálẹ̀. Bí dáìsì bá já a kulẹ̀, kò ní jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, dáìsì gbè é, ó di ọba. Dírẹ́bà sáré lọ já ewé akòko, ó fi há etí fìlà télọ̀.

Nọ́ọ̀sì pariwo. "Háà! Ewé ìwúyè lẹ fi ń ṣeré yẹn? Ẹ yọ ọ́ o!"

Èmi àti dírẹ́bà ti dọ̀bálẹ̀, à ń kígbe "Kábíyèsí o!", à ń rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá télọ̀ fi yọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ewé náà. Mo rò pé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni yóò bà lé wa lẹ́yìn. Bàbá fi ọ̀pá ti ògiri, ó ṣí fìlà, ó rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì nà gbọọrọ níwájú ọmọ tó bí.

"Kábíyèsí! Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ ó pẹ́ lórí oyè o."

Bàbá ń fi "ẹ" bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀! Lóòótọ́, ẹni tó bá jọba kò ní bàbá mọ́, bàbá tó bí i gan-an yóò dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọba ẹnu tèmi lèyí. Mo tilẹ̀ ti pinnu lọ́kàn mi pé ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ìjòyè yóò dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọn yóò rọ̀ ọ́ lóyè. Ojú tì mí, n kò lè dìde nílẹ̀.

Télọ̀ fò dìde. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Eré ni o. Eré la ń ṣe."

Bàbá gbé orí sókè, iyẹ̀pẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé eré ni. Mo ti ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn. Níbo lo fẹ́ kí n ti rí ọ lórí oyè, bí kì í bá ṣe nínú eré?"

Omijé bọ́ lójú télọ̀, ó na ọwọ́ sí ewé náà kó lè yọ ọ́.

"Ẹ má yọ ọ́, Kábíyèsí," ni bàbá wí. "N kò tíì kí yín tán."