Ẹlẹ́rìí Bàbá Kò-pé

Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ẹṣin ló sọnù lára ọkọ̀ dókítà eléyín, ọ̀dọ̀ Bàbá Kò-pé ló sì ti wá bèèrè wọn.

Bàbá ti gbé ọkọ̀ pupa náà sórí rólà irin méjì tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti fi okùn dè é mọ́lẹ̀, ó ti tẹ iná rẹ̀ títí ògiri fi ń gbọ̀n. Ó wo ojú ẹ̀rọ tó ń sọ iye ẹṣin tí agbára ọkọ̀ tó, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ayé.

"Kò pé."

"Kí ni kò pé?"

"Ẹṣin òjìlénígba ó lé kan ni mo rí."

"Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n kà fún mi lódìkejì títì lánàá! Bàbá, níbo ni mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó kù wọlẹ̀ sí?"

Bàbá pa iná ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ibẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó gbé táyà ìpamọ́ kúrò, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Mi ò rí wọn o, Dókítà. Ẹ padà lọ bá ẹni tó kà wọ́n. Bóyá wọ́n ṣì ń jẹko lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ nìyẹn, gbogbo àdúgbò ló sì ń fi rẹ́rìn-ín títí dòní. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé dókítà padà sódìkejì títì lóòótọ́. Ó gba ìwé ọ̀ọ́dúnrún rẹ̀, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ ògiri tó kọjú sí àga tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, níbi tí ẹni tó la ẹnu sílẹ̀ kò ti lè jiyàn.

Ọ̀gá Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń pe ẹni òdìkejì títì yìí. Ẹ̀rọ tirẹ̀ tuntun ju ti Bàbá lọ, ó sì ní ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń yí, bíi ti rédíò. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é kò burú. Bí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì ò ní rí èémí tó, agbára rẹ̀ á dín. Ohun yíyí yìí ló yẹ kó dá ohun tí ooru bù jẹ padà. Lójú Ọ̀gá Ọ̀pọ̀, ooru máa ń mú lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ òjò.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ fi díẹ̀ kún tiyín!" ló máa ń pariwo láti ọ̀hún. "Ayọ̀ là ń tà!"

"Máa ta ayọ̀ tìẹ. Ẹṣin lèmi ń kà."

Òótọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Láràárọ̀ Sátidé, ìlà ọkọ̀ tó wà níwájú Ọ̀gá Ọ̀pọ̀ máa ń dé kọ́nà. Ajá kan ló máa ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ajá ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bíi Bàbá pé ẹ̀rọ méjì kì í sábà fẹnu kò, kódà bí kò bá sí màgòmágó kankan. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á bù jẹ nínú agbára ọkọ̀. Okùn tí wọ́n fà jù á bù tirẹ̀. Rólà tó wúwo, gíà tí wọ́n lò, oòrùn ọ̀sán, kálukú á mú ìpín tirẹ̀. Tíṣà ìṣirò kan gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó ní igba ẹṣin ló wà níbẹ̀, kí ló dé tí Bàbá rí àádọ́sàn-án?

Bàbá pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu, ó gbé e fún un. "Tíṣà, ẹ gbé e sáré yí ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mẹta."

Tíṣà sáré. Nígbà tó dé, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé kókósẹ̀.

"Omi etí kànga kọ́ lomi tó ń délé," ni Bàbá wí. "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yín, etí kànga ni wọ́n ti kà á, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì ru nǹkan kan. Ẹnu ilẹ̀kùn lèmi ti ń kà á, lẹ́yìn tí gíà àti táyà ti da tiwọn nù."

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ náà yé òun dáadáa. Ó dúpẹ́. Ó sì fi ṣòkòtò tútù sọdá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọ̀pọ̀, ẹni tó kà á sí igba ó lé ogún.

Bàbá ní ọkọ̀ kékeré kan, aláwọ̀ eérú, tó rà ní tuntun lọ́dún tó ra ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé e gun rólà, ó rí ẹṣin mọ́kànlélọ́gọ́ta. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọkọ̀ náà ní Ẹlẹ́rìí. Láràárọ̀, kí ọkọ̀ oníbàárà kankan tó wọlé, Ẹlẹ́rìí ló ń kọ́kọ́ gun rólà. Bó bá fún un ní mọ́kànlélọ́gọ́ta, ara ẹ̀rọ dá nìyẹn. Bó bá fún un ní ọgọ́ta, ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Bàbá á mú sípánà, á tún ẹ̀rọ ṣe títí nọ́ńbà á fi padà sí ipò rẹ̀. Ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn, ó kọjú rẹ̀ sódìkejì títì: Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò lé e bá.

Bó ṣe ń bá gbogbo ayé lò nìyẹn. Nígbà tí èéfín ṣọ́ọ̀bù sọ ikọ́ sí i láyà, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó ti ga jù.

"Ta lẹ kọ́kọ́ wọ̀n láàárọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó wọn tèmi?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Ẹ ò ní ẹlẹ́rìí? Ẹ dè é mọ́ apá ara yín ká wò ó."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí," ni ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó dè é mọ́ apá ara rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò pẹ́: tirẹ̀ ga ju ti Bàbá lọ. Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ohun kan ṣoṣo ló wù ú láyé. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje fẹ́ yan ẹ̀rọ kan tí gbogbo ọkọ̀ wọn yóò máa gùn kí wọ́n tó sáré, ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ ni abẹ gé. Ogún ọdún ni Bàbá fi retí ìpè yẹn. Kò wá ọlá níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ kẹ́nì kan fẹnu ara rẹ̀ sọ pé tòun lòótọ́.

Lọ́sẹ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ wá, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé irin kan wọlé. Ó ti kàwé gboyè nípa ẹ̀rọ, kò sì tíì rí iṣẹ́. Àádọ́ta kílò ni wọ́n lù sára irin náà. Ó so ó rọ̀ mọ́ apá ẹ̀rọ tó ń gbé ìwọ̀n. Ẹ̀rọ ní márùndínlọ́gọ́ta ààbọ̀ ni.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín ń bù kún un."

"Irọ́! Ẹlẹ́rìí gùn ún láàárọ̀ yìí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta géérégé!"

"Ẹlẹ́rìí ti pé ogún ọdún."

"Kí ló wá kan ọdún?"

"Ọdọọdún lagbára rẹ̀ ń dín. Ọdọọdún lẹ sì ń fa ẹ̀rọ sókè kó lè máa pé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Márùndínlọ́gọ́ta ló kù lára rẹ̀. Ọkọ̀ ń darúgbó, Bàbá. Irin yìí kì í darúgbó."

Bàbá jókòó sórí bọ́ńpà ọkọ̀ náà.

"Ṣé Ẹlẹ́rìí mi ló ń parọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Kò parọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Bàbá mú pẹ́ńsù, ó ń ṣírò sí àtẹ́lẹwọ́. "Ọkọ̀ dókítà…"

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún." Ọmọ rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ kó tó wá.

"Áà. Nígbà tí mo ní kó lọ wá ẹṣin rẹ̀ lódìkejì, mẹ́rìnlélógún ń jẹko lọ́dọ̀ mi níbí."

Ọmọ rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ yẹn, kí ẹgbẹ́ wá bá a bẹ́ẹ̀.

"Àwọn tí mo ti kà fún ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ dé, Bàbá wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀, ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, a dúpẹ́ fún òtítọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti ṣàṣìṣe rí…" Wọ́n sọdá títì. Ọ̀gá Ọ̀pọ̀ búra pé tòun ò ṣàṣìṣe rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Wọn ò bèèrè nípa ohun kékeré tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú òpùrọ́ méjì, èyí tó jẹ́wọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi.

Bàbá fi ìyókù ayé rẹ̀ pe àwọn oníbàárà lórí fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé rẹ̀. "Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mẹ́tàdínlógún nínú ẹṣin yín." Tíṣà ìṣirò pariwo "Gbájúẹ̀!", ó sì pa fóònù. Dókítà kò gbé tirẹ̀ rárá, Bàbá bá fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga. Gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, "Dókítà, nípa ọkọ̀ yín…", dókítà á ní, "Ẹ la ẹnu, Bàbá." Nígbà tó délé, eyín kan ti dín. Ẹṣin ò dín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá a nínú Ẹlẹ́rìí, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì, tó ti lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, ọkọ̀ pupa wọlé.

"Bá mi kà á," ni dókítà wí fún ọmọ náà.

Ó kọ́kọ́ so irin rọ̀: àádọ́ta. Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ̀ gùn ún. Ó wo ojú ẹ̀rọ.

"Kò pé. Igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rí i rín mọ́. "Ohun tí bàbá ẹ fẹ́ sọ fún mi lórí àga nìyẹn?"

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni, sà. Méjì ti rẹ̀ látìgbà náà."

"Mo sì ń ní kó la ẹnu." Ó ká ìwé tí ọmọ náà kọ nọ́ńbà tuntun sí, ó tọ́jú rẹ̀ sápò àyà. Kò yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò lára ògiri rẹ̀ títí dòní.

Ọmọ náà ṣí ìwé bàbá rẹ̀ láti kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ogún ọdún ló wà níbẹ̀, láràárọ̀, ìlà kan: Ẹlẹ́rìí, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ara le. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo ojú ewé. Ó ṣí i dé ìparí. Ìlà tó kẹ́yìn wọ́, bíi ti ẹni tó ń wúkọ́ bó ṣe ń kọ ọ́: Ẹlẹ́rìí, márùndínlọ́gọ́ta. Ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ má fipá mú un mọ́.