Fèrèsé Agbẹ̀bí Agbonou

Bí mo bá rí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn wa ní Agbonou ni mo máa ń rántí, inú á sì bí mi. Obìnrin yẹn kì í ti fèrèsé. Tí ọ̀dọ́mọbìnrin bá wá gba oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á kígbe kí gbogbo ìyá tó jókòó síta lè gbọ́: "Ọmọ ta ni ọ́?" Tí ọmọ náà bá ń kálòlò, á ní: "Nígbà tí ò ń ṣe é, ojú ò tì ọ́!"

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tó bi èmi náà pé ọmọ ta ni mí. Kí alùpùpù tó gbé mi délé, ìyá mi ti gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí òun náà fẹ́ lọ gbọ́, kò sì débẹ̀ mọ́. Ó lóyún, ó sì fi iléèwé sílẹ̀.

Èmi ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀ báyìí. Lóṣù tó kọjá, agbẹ̀bí náà, tó ti fẹ̀yìn tì, mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gba oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Ó wo àwọn tó wà níta, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti fèrèsé."

Mo tì í, nítorí ọmọ náà.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ lọ jókòó síta."