Áláàmù Tó Kọ́kọ́ Ń Kí Èèyàn

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni ọ̀gá mi pè mí pé kí n gbé àpò irinṣẹ́, kí n máa lọ sí Ìlobù. Mo ṣì wà nílé wa ní Ìfọ́n, mo ń gbá iwájú yàrá ìyá mi. Yàrá náà wà ní títì láti ìgbà tó ti rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n mo máa ń gbá iwájú rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé nǹkan kan ń ṣe mí. Ohun tó fà á ni pé bí mo bá jẹ́ kí eruku kó jọ síbẹ̀, ó máa dà bíi pé mo ti gbà pé kò sẹ́ni tó tún máa gba ibẹ̀ wọlé mọ́.

"Káàdì tí a ń retí ti dé," ni ọ̀gá mi wí. "Ìwọ nìkan lo máa lọ fi í sí i. Họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin ni, wọn ò ní jẹ́ kí èmi máa wọ yàrá wọn kiri."

"Ilé ìwé wo ni, sà?"

"Injiníà, ilé ìwé mélòó lo mọ̀ ní Ìlobù tí a ti ń bá wọn ṣe áláàmù iná? Ti ìyá rẹ ni."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní yunifásítì ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ní Òṣogbo, kò sì fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún èmi nìkan rí. Inú mi dùn lóòótọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Lábẹ́ méjèèjì, nǹkan mìíràn tún wà tí kì í ṣe ayọ̀, tí kì í ṣe ìbẹ̀rù. Àárò ìyá mi ló ń sọ mí, ó sì ń sọ mí lọ́nà tí ojú máa ń ti èèyàn láti jẹ́wọ́ ní ọjọ́ orí mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi jẹ́ màtírọ́ọ̀nù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì náà. Láti kékeré wa ni bàbá wa ti kú, òun nìkan ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí òkè òkun, ìyàwó rẹ̀ bímọ níbẹ̀, ìyá mi sì di ẹrù rẹ̀ láti lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ó kó ẹ̀lùbọ́ dání, ó kó irú, ó kó kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì tún ti lóyún. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń ní, "Ẹ máa sinmi, mà, kò sí wàhálà níbí." Ó máa ń ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Mo fẹ́ kó padà wálé. Mi ò tíì sọ ọ́ síta rí, àfi bí mo ṣe ń kọ ọ́ síbí yìí.

Áláàmù họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí i. Bí ẹ̀rọ inú àjà bá gbóòórùn èéfín, áláàmù á han, lẹ́yìn náà ohùn èèyàn á jáde láti sọ ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ ṣe. Ìyá mi ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yarí, ó ní òun ò ní fi ẹnu ara òun pe iná sórí ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kó má dárúkọ rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ pé: "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìsinmi o. Ẹ má bínú pé mo ba oorun yín jẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ o..." Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kún, nítorí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń ṣe é nígbà náà kò dúró gbọ́ ọ tán. Ó ti ilẹ̀kùn àpótí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó fura, torí pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá dán an wò, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí á máa lé àwọn ọmọ síta. Ní sáà tó kọjá, lẹ́yìn tó ti lọ, ọmọ kan gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Èéfín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Áláàmù han, ohùn ìyá mi sì kí gbogbo wọn. Àwọn ọmọ dáhùn pé, "Ẹ káalẹ́ mà." Àwọn kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń retí kí màtírọ́ọ̀nù parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọlọ́dẹ ló fi igi lu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó sá jáde. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò sọ fún ìyá mi, mi ò fẹ́ kí ojú tì í.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a yọ ẹ̀rọ ohùn àtijọ́ náà kúrò. Ti tuntun gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n àpótí áláàmù ti pẹ́, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Káàdì kékeré kan tí à ń pè ní adápítà ló máa dúró láàárín àwọn méjèèjì bí ògbufọ̀. Òun ni mo gbé sínú àpò, tí mo fi aṣọ ìnujú wé, tí mo gun ọ̀kadà láti Ìfọ́n. Ọ̀nà náà kò jìn. Kí èèyàn tó ronú kan tán, ó ti dé Ìlobù.

Mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Òun àti ìyá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan náà ni.

"Káàárọ̀, ọmọ màtírọ́ọ̀nù. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti di òyìnbó tán?"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ó ń kí wa. Kíkí náà ló kúkú dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èyí tuntun yìí, ta ló máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀?"

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá. Ẹnu mi ló ṣáájú mi. "Ìyá mi náà ni, mà. Wọ́n lè gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àwọn ọmọ mọ ohùn wọn."

Ó gbà. "Ó dáa. Àmọ́ kó kúrú o. Kò gbọdọ̀ béèrè àlàáfíà ẹnì kankan." Bí mo ṣe ń dìde, ó tún ní, "Nǹkan mìíràn wà. Ipò ìyá rẹ ṣì ṣófo. Mo ti ń bẹ ìgbìmọ̀ pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ó ti sú wọn. Wọ́n fẹ́ gba ẹlòmíràn. Bá mi bi í bóyá ó ń bọ̀ tàbí kò bọ̀, kí o fún mi lésì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá."

Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo gbé àpò mi, mo jáde lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Níwájú àpótí áláàmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ìyá mi. Ó pe oríkì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mo sì di ojú mi títí ó fi kà á tán. Mo ṣàlàyé pé a ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, pé a fẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kó kúrú, kó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kí wọ́n jáde. Mi ò lè sọ fún un pé kó má kí wọn. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ fún ìyá mi pé kó má kí èèyàn?

"Ta ni wọ́n fi sí ipò mi?" ló béèrè lójijì.

"Wọn ò tíì fi ẹnì kankan sí i, mà."

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà wà lórí ahọ́n mi gan-an, ó kù kí n la ẹnu. Ọmọ kan bú sẹ́kún lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní, "Jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ." Ó pa fóònù.

Mo kọjú sí iṣẹ́. Mo pa iná tó wọ inú àpótí, mo tú bátìrì rẹ̀, mo sì dúró títí agbára tó kù nínú rẹ̀ fi tán. Mo fọwọ́ kan irin kí n tó fọwọ́ kan káàdì, nítorí iná kékeré tó máa ń wà lára èèyàn lè ba irú káàdì bẹ́ẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Káàdì náà kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ tò lọ bí eyín ìyarun. Mo kọjú rẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó. Mo yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́, mo so ó mọ́ tuntun, pupa pẹ̀lú pupa, dúdú pẹ̀lú dúdú. Mo wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, mo ń so sípíkà tuntun mọ́ ògiri. Nígbà tí mo padà wá tan àpótí náà, iná yẹ́lò kan tàn, kò sì kú. Yẹ́lò túmọ̀ sí pé nǹkan kan kò lọ déédéé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi nínú orí mi pé òun ò tún ní rán mi níṣẹ́ mọ́. Mo tún gbogbo wáyà yẹ̀ wò kí n tó rántí. Irú àpótí yìí kì í sinmi. Tọ̀sán-tòru ló ń rán iná bíńtín gba inú wáyà, bí ẹni tó ń ké sí ará ilé pé, "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Ohun kékeré kan, rẹ̀sítọ̀, ló gbọ́dọ̀ wà lára sípíkà tó gbẹ̀yìn pátápátá láti dá a lóhùn pé, "Mo wà níbí." Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn yẹn, á gbà pé wáyà ti já. Rẹ̀sítọ̀ náà ṣì wà nínú àpò mi. Mo lọ fi í sí yàrá tó kángun, iná yẹ́lò sì kú. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mò ń rò ó pé èmi àti ìyá mi jọ ń ránṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá ẹnì kejì lóhùn nínú wa.

Fóònù mi dún. Ohùn ìyá mi ti dé. Mo gbé e sétí.

"Ẹ dìde. Ẹ jáde sí pápá báyìí. Ẹ má mú nǹkan kan. Ẹ jáde."

Ó tán. Mo tún un gbọ́. Kò kí ẹnì kankan. Ohun tí mo ń wá ọ̀nà àtisọ fún un láìbí i nínú, ó ti ṣe é kí n tó sọ ọ́. Ohun tí iṣẹ́ wa fẹ́ gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí ara mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ìyá mi tó máa ń kí ẹni tó ń wa kànga, tó máa ń kí ọlọ́kadà kó tó gùn ún àti lẹ́yìn tó bá sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi ohùn náà sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí àwọn ọmọ ń sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá àgbà ní kí n dán an wò. Áláàmù han, ìyá mi sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ sì ya jáde lọ sí pápá láìwẹ̀yìn. Ọ̀gá àgbà gbá mi léjìká, ó ní, "Ó dára gan-an." Ọmọ kíláàsì àgbà kan sún mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń padà.

"Àǹtí, ṣé màtírọ́ọ̀nù ń bínú sí wa ni?"

"Kí lo rí?"

"Wọn ò kí wa."

Mo ní wọn ò bínú. Mo yára palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́ kó má bàa rí ojú mi.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi fi ohùn mìíràn ránṣẹ́. "Ṣé ó dáa? Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí wọn, mo wá rántí pé o ní kó kúrú. Níbí, èèyàn kàn máa ń sọ tẹnu rẹ̀ ni. Mo máa ń kí wọn lójú pópó tẹ́lẹ̀, wọn kì í dáhùn. Mo ti jáwọ́. Ó ti ń mọ́ mi lára."

Mi ò tíì fèsì.

Ọ̀gá mi ní kí n ju ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn sọnù. Mo gbé e wálé. Mo so bátìrì kékeré kan mọ́ ọn, mo sì gbé e ka orí tábìlì níwájú yàrá ìyá mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," èmi náà á sì ní, "Ẹ káalẹ́, mà."

Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì. Bí mo bá sọ fún un pé ipò rẹ̀ ṣì ń dúró dè é, ó lè fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ pẹ̀lú oyún àti ọmọ tó ń sáré, torí pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ á sì ní èmi ni mo pè é, èmi àgbàlagbà tí mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, wọn á gba ẹlòmíràn, á wá jẹ́ pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìbi í. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé òun náà ń retí kí n sọ pé kó máa bọ̀, bí èmi ṣe ń retí kó sọ pé òun ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín wà lọ́nà jíjìn, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti lọ wẹ ọmọ rí tí ẹ pẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un pé mo fẹ́ kó wálé, àbí iṣẹ́ tí ọ̀gá àgbà rán mi nìkan ni kí n jẹ́ fún un? Bí ẹ bá jẹ́ ìyá mi, èwo nínú méjèèjì lẹ máa fẹ́ gbọ́?