Àdúà Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lẹ́nu Bàbá Mi

Omi kánààlì ya wọ Ailegun níbi tí à ń gbé, ó gbé ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò dà sí kànga wa. Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ọ̀nà ọsibítù Ìsọlọ̀ ti di odò. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹkún ò jáde.

Ìgbà náà làwọn òyìnbó kó ìrànwọ́ dé iwájú mọ́sáláṣí wa: ìrẹsì, kúbùsù, omi tó mọ́, oògùn. Asíà orílẹ̀-èdè wọn wà lára gbogbo rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣebí ojoojúmọ́ là ń rí bọ́ǹbù wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń wólé lu àwọn Mùsùlùmí.

Bàbá mi ni alfa mọ́sáláṣí náà. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

"Ẹni tó bá gba sàráà gbọ́dọ̀ ṣàdúà fún ẹni tó ṣe é. Kì í ṣe ẹnu tèmi ni wọ́n máa fi gbàdúà."

Inú bí mi. "Bàbá, ẹni ọmọ sin ló bímọ o! Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi sin tèmi ni?"

Gbogbo àdúgbò ń wò ó. Háà, mi ò dúró! Mo gbé ọmọ mi kọ́rùn, mo wọ́ omi lọ bá nọ́ọ̀sì wọn, obìnrin òyìnbó kan tí ẹrẹ̀ ti yí aṣọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un ní oògùn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ bì sí i láyà, kò tiẹ̀ nù ún. Ó ń fún un lọ ṣáá, títí ọmọ fi lajú, tó ní, "Màámi, omi." Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Bí mo ṣe wẹ̀yìn, bàbá mi ló dúró yẹn, ó tẹ́wọ́ àdúà. Ọ̀gá àwọn òyìnbó náà gbé kámẹ́rà sáré dé. Ògbufọ̀ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ orílẹ̀-èdè wọn, káwọn Mùsùlùmí káàkiri ayé lè gbọ́."

Tí wọ́n bá bínú kó ẹrù wọn lọ ńkọ́?

Bàbá tọ́ka sí nọ́ọ̀sì. "Bá mi bi í, kí lorúkọ rẹ̀? Kí lorúkọ ìyá tó bí i?"

Bí àwọn alfa wa ṣe ń ṣàdúà nìyẹn: orúkọ èèyàn pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà sọ ọ́. Bàbá pe orúkọ méjèèjì, ó ní kò ní fojú sunkún ọmọ. A ṣe àmín.

Ògbufọ̀ tún ní, "Orílẹ̀-èdè ńkọ́, Bàbá?"

"Ta ni ìyá tiẹ̀?"

Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fún ọmọ mi lómi.