Ìdí Tí A Fi Sùn ní Hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn

Mo rántí bí àpò gàrí ìyá mi ṣe ń rùn lọ́jọ́ tí a gbéra lọ sí Ìbàdàn: gàrí Ìjẹ̀bú kíkan, ẹja gbígbẹ tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Òde-Omi, àti tùràrí sọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ti wọ aṣọ rẹ̀. Ó gbé àpò náà lé itan nínú mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọ wò ṣáá, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Awọ funfun ti bo méjèèjì. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìjẹ̀bú-Òde ti kọ lẹ́tà fún wa pé kí a wá rí dókítà ojú ní ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, kí a má sì jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀. Òyìnbó tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú níbẹ̀ fẹ́ lọ sinmi ní ìlú rẹ̀, kò ní í padà kí oṣù mẹ́fà tó pé. Dókítà ní bí ojú náà bá dúró tó bẹ́ẹ̀, òun ò mọ̀ bóyá yóò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ayé ìjọba Western Region nìyẹn. Tísà ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè, ọmọdé tó rò pé òun ti gbọ́n tán. Gbogbo wa la mọ̀ pé ará ilé wa kì í sanwó ibùsùn nílùú tó bá ti ní ẹbí. Àbúrò bàbá mi sì ń gbé ní Òkè-Àdó, ó kọ́lé síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ la máa ń pè ní Ìyá Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí a wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, aríran sọ́ọ̀ṣì ìyá mi dìde láàárín àdúrà, ó ní, “Mo rí obìnrin pupa kan. Inú ẹbí ìyá yìí ló wà, ìlú ńlá ló ń gbé. Ó dúró ti ojú ìyá yìí gbọin-gbọin. Ẹ gbàdúrà!” Ó sì jókòó. Kò sọ ohun tí obìnrin náà ń ṣe níbẹ̀. Àwa la bá a sọ ọ́. Kí a tó délé, a ti fẹnu kò pé Ìyá Ìbàdàn ni, torí ó pupa, ìlú ńlá ló sì ń gbé. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìyá mi nìkan ni kò bá wa fẹnu kò sí i. Èmi ni mo là á mọ́lẹ̀ pé a ò ní í fi ẹsẹ̀ wa tẹ ilé yẹn, pé hòtẹ́ẹ̀lì la máa sùn.

Ìyá mi lanu. Lójú ará Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà, ọtí bíà àti obìnrin tí kò lọ́kọ ni hòtẹ́ẹ̀lì. “Ọmọ mi, ibi tí wọ́n ti ń mutí lo fẹ́ gbé èmi aláṣọ funfun lọ?” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń yan èyí tó dáa. Irọ́ ni. N kò wọ hòtẹ́ẹ̀lì rí láyé mi. Ọ̀dọ̀ tísà ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Mùsùlùmí láti Mamu tó ti gbé Ìbàdàn rí, ni mo ti gba àdírẹ́sì mẹ́ta, mo sì kọ lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì gbàǹgbà-gbàǹgbà sí wọn.

Àkọ́kọ́ dáhùn, owó rẹ̀ sì ga ju owó oṣù mi lọ. Ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù gan-an, ẹsẹ̀ lásán la lè fi rìn débẹ̀. Opó kan ló ni ín, wọn kì í ta ọtí níbẹ̀, owó rẹ̀ pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń fún àlejò ní ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Ìyẹn gan-an ló ba ọkàn mi jẹ́. Kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀? Kí ló ń fi sínú ẹ̀kọ ọ̀hún? Ó tún béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà pé ta ni a mọ̀ ní Ìbàdàn. Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo ya lẹ́tà náà. Ìkẹta jìnnà, òdìkejì ìlú ló wà, ṣùgbọ́n ó ní géètì irin, ó ní ọdẹ, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ sí wọn kíá. Ẹlẹgbẹ́ mi ní, “Wọ̀ọ́, ọsibítù lẹ̀ ń lọ, ẹ ò lọ ṣẹ́wọ̀n.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí fura sí òun náà, bóyá opó yẹn ti fún un ní nǹkan.

Dẹ́rẹ́bà tó gbé wa, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni, ó sì mọ ẹbí wa. Ó béèrè bóyá kí òun já wa sí Òkè-Àdó. Mo ní rárá, mi ò sì sọ ibi tí à ń lọ fún un. Ó wò mí, ó mi orí, ó lọ.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, akọ̀wé gbé ìwé ńlá kan síwájú mi pé kí n kọ orúkọ. Páńsá ò fura, páńsá já iná. Mo kọ orúkọ tí bàbá ẹnikẹ́ni nílé wa kò jẹ́ rí, orúkọ kan náà tí mo ti fi kọ lẹ́tà sí wọn. Yàrá náà mọ́ tónítóní: ibùsùn méjì, àwọ̀n ẹ̀fọn, dígí lára ògiri. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́n aṣọ ibùsùn, mo wọ́ tábìlì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo máa fi lẹ́tà dókítà pa mọ́ sí. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fi í sẹ́yìn dígí, mo tún yọ ọ́. Ìyá mi ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Ò ń gbé bébà kiri bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò rí lẹ́tà náà mọ́. Mo wá a sẹ́yìn dígí, kò sí. Mo tú bẹ́ẹ̀dì, kò sí. Mo jáde, mo pariwo olè lé akọ̀wé àti ọdẹ lórí, mo ní wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́. Àwọn àlejò yòókù yọjú. Akọ̀wé náà ò bínú, ó bá mi tú yàrá wò lẹ́ẹ̀mejì, oòrùn sì ti ń yọ. Ebi wá ń pa ìyá mi, ó ki ọwọ́ bọ àpò gàrí rẹ̀. “Irú bébà wo lèyí?” Lẹ́tà ni! Èmi fúnra mi ni mo fi í síbẹ̀ kí n tó sùn. Ojú tì mí débi pé n kò lè tọrọ àforíjì.

Takisí gbé wa dé ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n ti pín nọ́ńbà ọjọ́ náà tán. Nọ́ọ̀sì ní kí a padà wá nígbà tí òyìnbó bá dé láti ìlú rẹ̀. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé èmi ni mo fọ́ ojú ìyá mi.

“Ìyálé mi! Ẹ̀yin rè é!”

Ìyá Ìbàdàn ni. Ó dìde lórí bẹ́ńṣì, páálí nọ́ńbà kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájí ló ti wà níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ló sọ fún un pé a ti dé nítorí ojú ìyá mi, ó sì ti béèrè wa kiri hòtẹ́ẹ̀lì títí ilẹ̀ fi ṣú, títí kan èyí tó ní géètì irin, wọ́n ní orúkọ wa ò sí nínú ìwé. Ó wá rò ó pé ó kéré tán, a ò ní í ṣaláìdé ọsibítù. Ó fi nọ́ńbà náà sọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì pè wá wọlé.

Ẹ̀yin tó ń kà á yóò rò pé mo gbọ́n lọ́jọ́ náà. Rárá o. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tán, tí wọ́n ti di ojú ìyá mi, Ìyá Ìbàdàn gbé ìkókọrẹ́ wá nínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan. Mo dúpẹ́. Bó ṣe lọ báyìí, mo gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, mo da ìkókọrẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ó dúró síbẹ̀. Ó ti padà wá fún wa ní ṣíbí tó gbàgbé sínú àpò. Ó wo abọ́, ó wo ilẹ̀, ó na ṣíbí sí mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ó tún gbé abọ́ kan náà wá. Ó jókòó ti ìyá mi, ó bu ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu ara rẹ̀. “Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò ná, Ìyálé mi, bóyá iyọ̀ tó.” Èmi ló ń wò bó ṣe ń gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ títí wọ́n fi tú aṣọ lójú ìyá mi. Òun ni ìyá mi kọ́kọ́ rí. “Ìyàwó mi,” ló wí, “o ti hewú!” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún.

Ọjọ́ tí à ń padà sílé ni Ìyá Ìbàdàn bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí a fi wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní, “A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni.” Ó ní kò burú.

Ìyá mi fi ojú yẹn ríran fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó kú, Ìyá Ìbàdàn wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti darúgbó. A ti tẹ́ ibùsùn tó dáa jù fún un. Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, ó mú báàgì rẹ̀, ó ní òun ti gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà ìlú Òru. Mo ní, “Èé ṣe, Ìyá Ìbàdàn? Ṣebí ilé yín nìyí?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni.”

N kò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ìyàwó mi se ìkókọrẹ́, mo sì gbé e lọ fúnra mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣí abọ́ náà níwájú rẹ̀, mo bu ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu ara mi. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé e mì.

“Ṣé iyọ̀ tó?”

“Ó tó, Ìyá Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.”

“Gbé e wá jàre, ebi ń pa mí.” Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bá òun gbé báàgì òun, ká máa lọ sílé.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Oògùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi mu ún kí n tó dàgbà, mo sì mu ún jù. Ìyá Ìbàdàn náà ti lọ báyìí. Bí mo bá dé hòtẹ́ẹ̀lì lóde òní, tí wọ́n bá gbé ìwé síwájú mi, orúkọ mi gan-an ni mo máa ń kọ, gàdàgbà-gadagba, nítorí n kò mọ ẹni tó lè máa wá mi kiri.