Osàn Wẹ́wẹ́ àti Omi Eérú

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bó inú ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó kú, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Gbọ̀ngàn Mápó ò tíì sí nígbà yẹn. Ọkọ mi ń pa màlúù, èmi àti ìyá ọkọ mi ń fọ ìfun rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Bẹyẹrúnká, à ń gbé e lọ tà l'Ọ́jà'ba. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni jàre. Ikun inú ìfun a máa yọ̀ bí ilá. Eérú la fi ń gbo ó, a ó tún fi osàn wẹ́wẹ́ ra á, títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n fọ̀ débi pé mo ń fi í yangàn.

Nígbà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, mo rí ikun kan náà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Háà, ìdọ̀tí tó ń ṣe é rèé!" Mo po omi eérú, mo fún osàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ní kó mu ún.

"Ìyá mi, ó ń ta mí nínú."

"Gbé e mì, ó ń fọ̀ ọ́ ni."

Ìyá ọkọ mi ní kí n dáwọ́ dúró, mo tún po òmíràn. Ikun ń dín kù, inú mi ń dùn, òmùgọ̀ èmi! Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. Ìyá ọkọ mi pọ̀n ọ́n, a sáré lọ sílé egbòogi ìjọba.

Ọkùnrin tó ń pín oògùn níbẹ̀, ọmọ mísọ́nnì kan, bi wá pé kí ni ọmọ mu. Mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Ó ní àwọn nǹkan wínníwínní tó rí bí ife wà lára awọ ìfun, ojú lásán ò lè rí wọn. Àwọn ló ń tú ikun jáde, tí ikun á bo inú ìfun bí òrí tí a fi ń pa ara ọmọ nígbà ọyẹ́, kí kòkòrò má baà kan ẹran ara. Bí àìsàn bá dé, wọn a tú u sí i, kó lè gbá kòkòrò náà jáde.

"Ikun yẹn ló ń gbà á sílẹ̀. Ta ló fún un ní osàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo nawọ́ sí ìyá ọkọ mi.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Èmi ni." Ọmọ mi lajú, ó ń wo ọwọ́ mi.

Kí a tó kírun alásárì, ó ti kú. Ọkọ mi ò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi wọ sàréè. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ wọn fún wọn lójoojúmọ́, wọ́n á ní, "O ṣé, ọmọ mi," n ò sì la ẹnu sọ òótọ́ fún ọkọ mi.