Ọlọ́pàá Tí Kò Lè Kí Èèyàn

Bí mo ṣe wọlé ni gbogbo èèyàn panu mọ́. Ọ̀sán ọyẹ́ ni, ní ilé géèmù kan ní ìlú Oǹdó, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ń ṣe bùlúù lójú àwọn ọlọ́kadà tó ń ṣeré níbẹ̀. Èmi ọmọ Àkúrẹ́, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá, dúró láàárín wọn bí ẹni tó ṣìnà wọ àlá ẹlòmíràn.

Lékè, ọ̀kan nínú wọn, ni mo wá. Òun nìkan ló rí ẹni tó jí ọ̀kadà kan gbé, Dáre wẹ́dà la sì tì mọ́lé ní àgọ́ wa nítorí rẹ̀. Ó dá mi lójú pé Dáre kò mọwọ́mẹsẹ̀. Àmọ́ ibikíbi tí Lékè bá ti rí aṣọ dúdú wa, ńṣe ló ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

N kò lé e. Mo ṣí fìlà mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà ṣeré. Ọlọ́pàá ni mo yàn láti jẹ́ nínú géèmù náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí olè ni kálukú wọn máa ń yàn.

"Bọ́tìnnì wo ni mo máa fi kí èèyàn?"

"Màmá, kò sí o," ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù dáhùn. "Ọlọ́pàá inú ibí, tó bá ti rí èèyàn, ìbọn ni."

Ó dùn mí. N kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni rí, ibí ni wọ́n sì ti ń kọ́ ìwà mi. Ká má parọ́, àwọn kan nínú àwa ọlọ́pàá náà ń bá géèmù ṣe tíṣà wọn, ìbọn ni wọ́n fi ń kí èèyàn.

Mo bá ń fi ẹnu ara mi kí àwọn èèyàn inú géèmù náà. Mo ń rin ọlọ́pàá mi jẹ́jẹ́ ní ìlú ńlá tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn. Ẹni tí mo bá pàdé, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́?" Wọ́n ń sá, mo ń kí wọn lọ.

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "A dúpẹ́ o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́."

Lékè ni. Ó wá jókòó tì mí. N kò wojú rẹ̀, mo ń bá eré mi lọ, ó sì rọra sọ gbogbo ohun tó rí. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí àgọ́, ó tún un sọ. Ọjọ́ náà ni Dáre lọ sílé.

Mo ti fẹ̀yìntì sí Ọ̀bà-Ilé báyìí. Bí oorun ọ̀sán bá gbé mi lọ, mo máa ń padà lójú àlá sí ìlú inú géèmù yẹn. Aṣọ dúdú mi wà lọ́rùn mi, mo ń rìn lọ láàárín àwọn èèyàn ibẹ̀, mo ń kí wọn, kò sì sí ẹni tó sá.